Ìgbésí Ayé Leopold Zunz, Baba Ẹ̀kọ́ Ìtàn Àwọn Júù

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1794 ni wọ́n bí Leopold Zunz ní ìlú Detmold, ní ilẹ̀ Jámánì. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì ní lọ́wọ́. Baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní èdè Hébérù, èdè ìwé mímọ́ àwọn Júù. Ní ọdún 1802, baba náà kú. Ní ọdún kejì, wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí ó wà fún àwọn ọmọ Júù ní ìlú Wolfenbüttel. Ibẹ̀ ni ó dàgbà sí.

Ní ọdún 1815, Zunz wọ yunifásítì ìlú Berlin. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń yẹ ìwé àtijọ́ wò: ta ni ó kọ ọ́, ìgbà wo ni ó kọ ọ́, kí ni ó sì fà á tí ó fi kọ ọ́. Ìwé àwọn Gíríìkì àti ti àwọn ará Róòmù ni wọ́n ń yẹ̀ wò báyìí. Zunz rí i pé ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé àwọn Júù pẹ̀lú. Nígbà náà, àwọn tí ń kọ́ Hébérù ní yunifásítì ń kọ́ ọ kí wọ́n lè lóye Bíbélì ni. Ṣùgbọ́n àwọn Júù ti kọ ìwé púpọ̀ lẹ́yìn Bíbélì: ìwé òfin, ewì, ìtàn, ìṣirò àti ìṣègùn. Kò sí yunifásítì kan tí ó fi ìwọ̀nyí ṣe ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1818, Zunz tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi hàn bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó.

Ní ọdún 1819, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Berlin fún ẹ̀kọ́ yìí. Eduard Gans, amòfin, wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Heinrich Heine, akéwì, darapọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba Pírọ́ṣíà, tí Berlin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kò gbà kí Júù di ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì àfi bí ó bá di Kristẹni. Ẹgbẹ́ náà túká ní ọdún 1824. Ní ọdún 1825, Gans àti Heine ṣe ìrìbọmi. Gans di ọ̀jọ̀gbọ́n. Zunz kò yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fi bọ́ ara rẹ̀ àti Adelheid, aya rẹ̀. 

Ìwé rẹ̀ wúlò fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjọba ti ka ìwàásù ní èdè Jámánì nínú sínágọ́gù, ilé àdúrà àwọn Júù, léèwọ̀. Wọ́n ní àṣà tuntun ni. Ní ọdún 1832, Zunz fi ẹ̀rí hàn pé àṣà àtijọ́ ni: nígbà tí àwọn Júù kò gbọ́ Hébérù dáadáa mọ́, èdè tí wọ́n ń sọ nílé ni a fi ń ṣàlàyé ìwé mímọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ìjọba tún fẹ́ kọ̀ fún àwọn Júù láti jẹ́ orúkọ tí wọ́n pè ní ti Kristẹni. Zunz kọ ìwé mìíràn. Ó fi hàn pé àwọn Júù ti ń jẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn tí ó yí wọn ká láti ìgbà pípẹ́. Orúkọ bí Alexander, tí ó jẹ́ ti Gíríìkì, ti wà láàárín wọn kí a tó bí Jésù.

Ní ọdún 1848, Zunz kọ̀wé sí ìjọba. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún ìtàn àti ìwé àwọn Júù ní yunifásítì Berlin. Lójú rẹ̀, bí ìmọ̀ àwọn Júù bá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àwọn Júù fúnra wọn kò tíì bá àwọn yòókù dọ́gba. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà kọ̀.

Zunz kò jáwọ́. Ó lọ sí London, Oxford, Paris àti Parma láti ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, ó sì kọ ìwé ńlá lórí ewì àdúrà àwọn Júù. Nígbà tí aya rẹ̀ kú ní ọdún 1874, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1886, ní ọmọ ọdún 91. Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n rí.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní ọdún 1925, yunifásítì Hébérù ṣí ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 1930, Salo Baron di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn àwọn Júù ní yunifásítì Columbia, ní New York. Lónìí, Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù ni wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì, àní ní Berlin pàápàá, níbi tí wọ́n ti kọ ẹ̀bẹ̀ Zunz.