Rudolf Virchow

Rudolf Ludwig Carl Virchow (ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1821 – ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1902) jẹ́ oníṣègùn, onímọ̀ àrùn àti olóṣèlú ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi mọ̀ ọ́n jùlọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ máa jẹyọ títí di òní níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìdọ́gba nínú ìlera ni ìròyìn kan tí ó kọ ní ọdún 1848, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé oògùn nìkan kò lè ká àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa àwọn tálákà Òkè Silesia, nítorí pé ebi, àìmọ̀wé àti ìjọba tí kò náání wọn ni ó fà wọ́n lé àrùn lọ́wọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú kékeré Schivelbein ní Pomerania, lábẹ́ ìjọba Prussia, ni wọ́n bí i sí. Ìlú náà ti di ara orílẹ̀-èdè Pólándì lónìí, Świdwin sì ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ni akápò ìlú. Virchow nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Ní ọdún 1839, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn ológun ní Berlin, níbi tí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ ti lè kẹ́kọ̀ọ́. Ó gba oyè dókítà ní ọdún 1843, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Charité, níbi tí ó ti ń la òkú láti mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ìrìn àjò sí Òkè Silesia

Òkè Silesia wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ìlà-oòrùn Prussia. Èdè Pólándì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn mẹ̀kúnnù ibẹ̀ ń sọ, ọmọ ìjọ Kátólíìkì sì ni wọ́n. Èdè Jámánì ni èdè ìjọba. Ilẹ̀ oko wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ibẹ̀, ìlú ńlá ni wọ́n ti ń ná èrè oko náà. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni olórí oúnjẹ tálákà. Nígbà tí òjò ọdún 1847 pọ̀ jù tí irè oko sì bàjẹ́, ìyàn mú, ibà typhus sì tẹ̀lé e. (Typhus yàtọ̀ sí táífọ́ọ̀dù, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.)

Ìjọba kò tètè ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí ariwo àwọn ìwé ìròyìn pọ̀ ni wọ́n tó rán Virchow àti oníṣègùn àwọn ọmọdé kan, Stephan Barez, lọ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Èrèlè ọdún 1848 ni Virchow kúrò ní Berlin, ó sì padà dé ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò pé yìí, ó wọ ilé àwọn aláìsàn ní agbègbè Rybnik àti Pless. Ó bá àwọn ìdílé tí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn jọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ó kọ nípa àmì àrùn náà lára aláìsàn, bí ẹnikẹ́ni yóò ti retí. Ṣùgbọ́n ó tún kọ nípa ilẹ̀, ojú ọjọ́, oúnjẹ, aṣọ, ilé, ìjọ àti owó orí.

Ó kọ nípa èdè pẹ̀lú, ibí yìí sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè fara balẹ̀ kà. Ìjọba a máa rán olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè Pólándì sí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè Jámánì. Virchow ṣàkíyèsí pé olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́ èdè lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà, tí àwọn ọmọ kì í sì í rí nǹkan kan kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tí wọn kò fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ní ohunkóhun kò ní mọ bí yóò ti dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn, kò sì ní lè bá ìjọba jiyàn.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ń retí ìmọ̀ràn lórí oògùn, ó ní kí wọ́n fún àwọn ènìyàn náà ní ìjọba tiwa-n-tiwa tí kò ní àbùlà, kí èdè Pólándì di èdè ìjọba níbẹ̀, kí wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọ, kí wọ́n la ọ̀nà, kí wọ́n tún iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì gbé ẹrù owó orí kúrò lórí tálákà lọ sórí ọlọ́rọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé iná aṣọ ni ó ń gbé typhus kiri; ọdún 1909 ni Charles Nicolle tó ṣàwárí rẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí Virchow tọ́ka sí kò jìnnà sí òótọ́, nítorí ibi tí ènìyàn bá ti há mọ́ra, tí wọn kò ní aṣọ ìpààrọ̀, ni iná aṣọ ti ń gbilẹ̀.

Ìròyìn náà kò pé láìkù síbì kan. Òǹkàwé òde òní yóò rí i pé Virchow fi ojú ará ìlú ńlá wo àwọn ènìyàn yìí, ó sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ àti onídọ̀tí. Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ díẹ̀ ni pé kò sọ pé bí Ọlọ́run ti dá wọn nìyẹn. Ó ní ìnira ọdún pípẹ́ ni ó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Ìjìyà rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1848, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí ó padà dé, ìjídìde bẹ́ sílẹ̀ ní Berlin, Virchow sì wà lára àwọn tí ó dí ojú títì mọ́ àwọn ọmọ ogun ọba. Lóṣù Agẹmọ ọdún náà, òun àti Rudolf Leubuscher bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan lórí àtúnṣe ètò ìṣègùn, níbi tí ó ti jà fún un pé ojúṣe ìjọba ni ìlera tálákà. Ìwé ìròyìn náà kò pé ọdún kan. Ìjídìde kùnà, ìjọba sì dá Virchow dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Charité ní ọdún 1849. Wọ́n gbà á padà, ṣùgbọ́n wọ́n gba àwọn ẹ̀tọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó lọ sí Yunifásítì Würzburg ní Bavaria.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì ti gbèrú, ó sì fẹ́ Rose Mayer ní ọdún 1850. Ní ọdún 1852, ìjọba Bavaria rán an lọ sí àwọn òkè Spessart tí ìyàn ti mú, ó sì tún padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa òṣì àti àìlẹ́kọ̀ọ́. Berlin pè é padà ní ọdún 1856 láti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì jáde ní ọdún 1858.

Omi ìdọ̀tí Berlin

Ní ọdún 1859, wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Berlin, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà náà, inú gọ́tà tí kò ní ìdérí ni omi ìdọ̀tí ìlú ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àríyànjiyàn lórí ohun tí wọn yóò ṣe gba ọ̀pọ̀ ọdún. Virchow ṣe àkójọ ìṣirò ikú àti àrùn, ó sì ti ètò James Hobrecht lẹ́yìn: wọ́n pín ìlú sí agbègbè 12, agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ń ti omi ìdọ̀tí lọ sí oko lẹ́yìn ìlú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1873. Ilé ìwòsàn ìlú ní Friedrichshain, tí ó ṣí ní ọdún 1874, wà lára ohun tí ó jà fún, bákan náà sì ni àyẹ̀wò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lábẹ́ máíkíróskóòpù kí aràn tó wà nínú rẹ̀ má baà wọ ara ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Prussia, ó dojú kọ Otto von Bismarck lórí ìnáwó ìjọba. Ní ọdún 1865, Bismarck pè é níjà pé kí àwọn méjèèjì fi ohun ìjà pàdé, Virchow kọ̀. Ìtàn tí ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì pé sọ́sééjì oníaràn ni Virchow yàn ṣe ohun ìjà kò ní ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ó ti kùnà

Ìdí kan náà tí ó fi rí òṣì kedere ni kò jẹ́ kí ó tètè rí kòkòrò àrùn. Ó fi ojú kékeré wo iṣẹ́ Ignaz Semmelweis lórí ọwọ́ fífọ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí, ó sì lọ́ra láti gba ohun tí Robert Koch sọ ní ọdún 1882 nípa kòkòrò tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti rí kòkòrò, wọn yóò gbàgbé ilé àti oúnjẹ. Ìbẹ̀rù náà nídìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí Koch lágbára ju àtakò rẹ̀ lọ.

Ikú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1902, ó fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tíráàmù tí kò tíì dúró ní òpópónà Leipziger, egungun itan rẹ̀ sì dá. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú lóṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Max Westenhöfer, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lábẹ́ rẹ̀, lọ di olùkọ́ ìmọ̀ àrùn ní orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí Salvador Allende ti kọ́ ìṣègùn kí ó tó di mínísítà ìlera, tí ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1939 lórí bí òṣì ti ń fa àrùn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tí Berlin ń kọ́ lọ́wọ́ ní àdúgbò Wedding nígbà tí Virchow kú ṣí ní ọdún 1906 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Ó ti di ẹ̀ka Charité lónìí.