Albert Kitson: Ọkùnrin tó rí èédú tí ọkọ̀ ojú irin wa jó

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá lónìí, dísẹ̀lì ló ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn bàbá yín àgbà: wọ́n á sọ fún yín pé èéfín dúdú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Èédú inú ilẹ̀ ló ń jó nígbà náà, Enugu sì ni wọ́n ti ń wà á. Ẹni tó rí èédú ọ̀hún fún ìjọba ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Albert Ernest Kitson.

Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1868, àmọ́ Australia ló dàgbà sí. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ló fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kó tó di onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Ní 1906, òyìnbó amúnisìn fi í ṣe olórí àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì ní Gúúsù Nàìjíríà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ka ilẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: ìpele tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń dàgbà ju ti òkè lọ. Ní 1909, ó rí èédú ní agbègbè Udi.

Kí ni èédú yẹn gan-an? Igi àti ewé ni o! Ní bíi 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí dinosaur ṣì wà láyé, irà etíkun ni ibẹ̀. Igi ń wó sínú omi, ẹrẹ̀ ń bò ó, ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di èédú. Lẹ́yìn tí dinosaur ti parun, òkun ṣì bo ibi tí a ń pè ní Ewékorò lónìí, tí kò jìnnà sí Agége. Ìkarahun ẹran inú òkun náà ló di òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú Enugu ní 1915. Ní 1916, rélùwéè gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun sì ń kó o wá sí Èkó. Òun náà ni wọ́n fi ń tan iná ní Ìjọra.

Kitson ti lọ sí Gold Coast nígbà yẹn. Ó rí manganese níbẹ̀ ní 1914 àti dáyámọ́ǹdì ní 1919. Òun náà ló kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo, ìyẹn ní 1915. Ìdídò náà kò parí títí di 1965. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1927, ó sì kú ní 1937.

Àwọn tó ń wa èédú ńkọ́? Ní November 18, 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn fún wọn ní Iva Valley, Enugu. Èèyàn 21 ló kú. Kitson ti kú ṣáájú, kò lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀, kó ka tiwọn mọ́ ọn.

Èyí tó kàn wá jù ni pé kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí èédú tó gba mílíọ̀nù ọdún kó tó jinná fi di ohun àpatì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ní Ọba Àkran àti Ọ̀gbà náà, òkú ohun abẹ̀mí àtayébáyé ló ń jó, torí inú wọn ni epo àti gáàsì ti wá. Ilẹ̀ kò ní tètè se òmíràn fún wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ta ni yóò bá wa wá ohun tí a ó lò lẹ́yìn rẹ̀?