Ẹfúnróyè Tinúbú

Ẹfúnróyè Tinúbú (nǹkan bí ọdún 1810 sí 1887), tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Ẹfúnpọ̀róyè Ọ̀ṣuntinúbú, jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò àti alágbára nínú ọ̀rọ̀ ìlú ní Àgbádárìgì, ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta. Ó jẹ oyè Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe Ìta Tinúbú ní Erékùṣù Èkó, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ CMS àti Marina. Ó ta tábà, iyọ̀, epo pupa àti ẹrú, ṣùgbọ́n ìbọn àti ẹ̀tù ni ọjà tí ó mú kí ọba àti balógun máa wá a.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Òjòkódò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a bí Tinúbú sí, nígbà tí àwọn ìlú Ẹ̀gbá ṣì wà káàkiri inú igbó, kí ogun tó tú wọn ká. Ìtàn sọ pé àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò, àti pé lọ́dọ̀ wọn ni ó ti kọ́ bí a ti ń ra ọjà àti bí a ti ń tà á.

Ọmọdé ni nígbà tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821. Akíkanjú ni àwọn ará Òwu, àgédéńgbé ni wọ́n sì fi ń jà lójúkojú. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n súnmọ́ etíkun tí wọ́n sì ń bá àwọn oníṣòwò òkun dòwò pọ̀, ni wọ́n gbé ìbọn wọ ogun náà. Nígbà tí Òwu fọ́, ogun kò dúró níbẹ̀. Ó ràn wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó jó àwọn ìlú kéékèèké níná lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù sì sá lọ tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ẹni tí ó dàgbà láàárín irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìbọn lè ṣe sí ìlú tí kò ní in.

Tinúbú ti fẹ́ ọkọ kan, ó sì ti bí ọmọkùnrin méjì fún un, kí ó tó pàdé Adélé ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1833. Ọba Èkó tí a ti lé kúrò lórí oyè ni Adélé nígbà náà, Àgbádárìgì ni ó sì fi ṣe ibùgbé. Tinúbú fẹ́ ẹ, ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ méjèèjì kú síbẹ̀. Òwò ni ó gbájú mọ́ lẹ́yìn náà: iyọ̀ àti tábà láti etíkun lọ sí òkè, ẹrú láti òkè wá sí etíkun.

Ìbọn àti ẹ̀tù nígbà ayé rẹ̀

Ìbọn tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà ni ìbọn gígùn tí a ń pè ní ṣakabùlà, èyí tí ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ títí di òní. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í. A ó kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, a ó fi èdìdì kan dí i, a ó kó ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ kí ó le dáadáa. A ó tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá fa ìdí rẹ̀, òkúta á gbá irin, iná á ṣẹ́ sára ẹ̀tù ojú àwo, á sì gba ihò kékeré wọlé lọ bá ti inú. Bí òjò bá pa ẹ̀tù ojú àwo náà, ìbọn kò ní dún, bí ó ti wù kí ẹni tí ó gbé e gbóyà tó.

Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ń rọ irú ìbọn wọ̀nyí fún ọjà Áfíríkà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Owó pọ́ọ́kú ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, èyí tí irin rẹ̀ kò bá sì nípọn lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lójú. Òfin kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1813 pé kí a máa fi ẹ̀tù dán agba ìbọn wò kí a tó tà á, ṣùgbọ́n olùrà tí ó wà ní etí ọ̀sà kò lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé òfin òkè òkun. Ohun tí ojú lè rí ni ó níláti yẹ̀ wò: bóyá agba náà gún régé, bóyá irin rẹ̀ sán, bóyá òkúta rẹ̀ ń ṣáná ní gbogbo ìgbà tí a bá fà á.

Ohun tí ọdẹ ń wá lára ìbọn yàtọ̀ sí ti ológun. Ọdẹ a máa rá pálá títí yóò fi súnmọ́ ẹran, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń láǹfààní láti yìn. Nítorí náà, ìbọn tí kì í já a kulẹ̀ níwájú ẹfọ̀n ni ó tọ́ sí i, ìbáà jẹ́ òun nìkan ni ó ní. Inú agba ṣakabùlà ń dán ni, kò ní ilà tí í mú ọta yí bí ti ráífù. Ọta rẹ̀ kì í tọ ojú kan lọ jìnnà. Èyí kò pa ọdẹ lára púpọ̀. Ti balógun ni pé kí ìbọn pọ̀, kí a yìn wọ́n pa pọ̀, kí ẹ̀tù má sì tán.

Kókó òwò Tinúbú wà nínú gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí. Ìbọn tí a bá rà lè wà lọ́wọ́ ẹni fún ọdún púpọ̀. Bí ó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ lè tún un ṣe. Alágbẹ̀dẹ kan náà lè rọ ọta. Ẹ̀tù ni kì í dúró. Ojoojúmọ́ ni ogun ń jẹ ẹ́, ojú omi sì ni èyí tí ó pọ̀ tó fún ogun ti ń wá. Ẹni tí ó bá ní àgbá ẹ̀tù nílé, tí ó sì mọ ọ̀nà tí òmíràn yóò gbà dé, ni ó ń sọ iye ọjọ́ tí balógun lè fi jà. Ìdí nìyí tí Ìbàdàn, tí kò ní etíkun, fi ń jà kíkankíkan lórí ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá.

Ẹrú sì ni a fi ń san owó púpọ̀ nínú ìbọn àti ẹ̀tù wọ̀nyí. Ìbọn ń kó ẹrú, ẹrú ń ra ìbọn. Tinúbú wà láàárín àyípoyípo yìí, ó sì jèrè nínú rẹ̀. Àwọn òpìtàn sọ pé ẹrú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lé ní 360. A kò lè yọ èyí kúrò nínú ìtàn rẹ̀ nítorí pé ó gba ìlú kan là lẹ́yìn náà.

Ní Èkó

Ní nǹkan bí ọdún 1835, a pe Adélé padà sórí oyè, Tinúbú sì bá a wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún 1837 ni Adélé kú. Nínú ìjà oyè tí ó tẹ̀lé e, Tinúbú ti Olúwọlé lẹ́yìn, kò ti Kọ́sọ́kọ́. Ó fẹ́ Yésúfù Bàdà, tí í ṣe olórí ogun Olúwọlé, òwò àwọn méjèèjì sì gbilẹ̀ dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹ̀tù ni ó fòpin sí ìjọba Olúwọlé. Ní ọdún 1841, àrá sán lu ààfin, iná rẹ̀ ran ẹ̀tù tí a kó pamọ́ síbẹ̀, ọba sì kú nínú rẹ̀. Akíntóyè ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ó pe Kọ́sọ́kọ́, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, padà láti ìgbèkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlẹ́tù Òdìbò kìlọ̀ fún un. Ní ọdún 1845, Kọ́sọ́kọ́ gbógun tì í nínú ìjà tí a mọ̀ sí Ogun Olómirò, ó sì gba ìlú. Akíntóyè sá jáde. Tinúbú àti ọkọ rẹ̀ náà padà sí Àgbádárìgì.

Níbẹ̀ ni ohun ìyanu kan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ìjọ CMS, tí wọ́n dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845 kan náà, gba ti Akíntóyè nítorí ó ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Tinúbú, tí òwò ẹrú ti sọ di olówó, gba ti Akíntóyè pẹ̀lú, ó sì ń kó àwọn ènìyàn jọ láti gbógun ti Kọ́sọ́kọ́. Ọba kan náà ni ìhà méjèèjì ń fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìdí kan náà.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, ìbọn Kọ́sọ́kọ́ sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní ìparí oṣù kejìlá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Kọ́sọ́kọ́ sá, Akíntóyè sì padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti dópin ní Èkó. Ọdún náà ni ìjọ CMS kó wọ ìlú. Tinúbú di alágbàtà láàárín Èkó àti Ẹ̀gbá, epo pupa sì di ọjà rẹ̀ pàtàkì, ṣùgbọ́n ìtàn sọ pé ó ṣì ń fi ẹrú pààrọ̀ ìbọn ní ìkọ̀kọ̀.

Ìlékúrò ní Èkó

Akíntóyè kú ní ọdún 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì gorí oyè. Ọ̀rọ̀ Tinúbú ń ta létí ọba tuntun náà, èyí kò sì dùn mọ́ Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Kò tún dùn mọ́ àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n padà dé láti Sàró àti Brasil, tí wọ́n sì ń bá a du ọjà. Ní ọdún 1855, nígbà tí Campbell rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, Tinúbú rọ Dòsùnmú pé kí ó lé àwọn gbajúmọ̀ kan lára wọn kúrò nílùú. Ọba kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Yésúfù Bàdà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde sí àwọn àjèjì náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà tí Campbell padà dé, ó ní kí Dòsùnmú lé Tinúbú jáde. Ó kúrò ní Èkó ní ọdún 1856.

Abẹ́òkúta àti ogun Dáhòmì

Abẹ́òkúta ni ó padà sí, kò sì dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó ń ta oríṣiríṣi ọjà, ẹ̀tù àti ọta sì wà lára wọn. Ọjà náà bá àkókò mu, nítorí ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, mú kí Ẹ̀gbá kojú Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Dáhòmì kò gbàgbé ìjákulẹ̀ tí ó bá a níwájú odi Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1851. Láti ọdún 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, àárín ìjọba Èkó àti Ẹ̀gbá kò gún mọ́, ọ̀nà a sì máa dí. Ìlú tí ó bá dúró de ìgbà tí ọ̀tá dé ẹnu odi kí ó tó wá ẹ̀tù lọ ti pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864, ogun Glèlè, ọba Dáhòmì, dé odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ológun rẹ̀ sì wà níwájú. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun wọn. Tinúbú ni a sọ pé ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun ìlú. Ìtàn ẹnu tilẹ̀ fi kún un pé ó dúró nítòsí odi, tí ó ń pín ẹ̀tù, tí òun àti àwọn obìnrin sì ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ọdún náà ni Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Oyè náà kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí oyè Aláké ṣófo, tí ọ̀rọ̀ sì di láàárín Oyèkàn àti Adémọ́lá, Oyèkàn ni Tinúbú gbárùkù tì, òun náà ni ó sì jọba ní ọdún 1879.

Kí ó tó kú, irú ìbọn tí ó fi ṣòwò ti ń di ohun àtijọ́ lójú ogun. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé Èkó fi ráífù tí a ń kì láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, ṣakabùlà Ìbàdàn kò sì lè dé ibi tí ọta ráífù náà ti ń wá. Èkó ṣì ni ojú ọ̀nà ìbọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó wà.

Tinúbú kú ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1887, a sì sin ín sí Òjòkódò ní ìlú náà. Kò fi ọmọ sáyé. Ní Èkó tí a ti lé e, orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára ìta náà. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìjọba sọ ibẹ̀ ní Ìta Òmìnira, ṣùgbọ́n Ìta Tinúbú ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀, òmíràn sì wà ní Abẹ́òkúta.