Edwin Armstrong: ọkùnrin tó ṣe FM tí ẹ̀ ń gbọ́, tí kò jèrè rẹ̀

Gbogbo ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń pe ara rẹ̀ ní FM, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan ni wọ́n ń lò. Edwin Howard Armstrong lorúkọ rẹ̀.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1890. Kò tíì jáde ní Yunifásítì Columbia lọ́dún 1912 tó fi rí ọ̀nà tí rédíò á fi gbé ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sókè ketekete. Nígbà tó wà nílẹ̀ Faransé pẹ̀lú àwọn ológun lọ́dún 1918, ó tún ṣe èyí tí rédíò fi ń ṣa ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan ṣì kù. AM ni gbogbo rédíò ìgbà yẹn. Nínú AM, gíga ìgbì ló ń yí padà láti gbé ohùn, bẹ́ẹ̀ mọ̀nàmọ́ná máa ń da gíga yẹn rú. Bí òjò bá ti ṣú, ariwo ṣáá lẹ máa gbọ́. Armstrong wá jẹ́ kí gíga dúró sójú kan, kó jẹ́ pé iye ìgbà tí ìgbì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń yí padà. Bí ariwo ṣe lọ sílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1933, ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí Charles Kao nílùú Shanghai ní Ṣáínà. Iṣẹ́ Kao lórí okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń ka ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ yín. Ọdún kan péré ló bí ohun méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ Armstrong ni David Sarnoff, ọ̀gá ilé iṣẹ́ RCA. RCA gbà kó dán FM wò lórí ilé gogoro Empire State Building lọ́dún 1934. Ó yọrí o, àmọ́ AM ló ń pa owó wọlé fún wọn, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń náwó lé lórí. Lọ́dún 1935, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ló bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ òpó sí Alpine, ní New Jersey. Lọ́dún 1945, ìjọba gbé FM lọ sí ibi tó wà lórí rédíò yín lónìí, gbogbo rédíò FM tí àwọn èèyàn ti rà kò wá wúlò mọ́.

Lọ́dún 1948, ó gbé RCA lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n ń lo FM láì sanwó. Ẹjọ́ náà fà títí, owó rẹ̀ ń tán lọ, òun àti Marion ìyàwó rẹ̀ sì pínyà. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1954, Armstrong gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni.

Marion kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Lọ́dún yẹn kan náà, RCA san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ń bá àwọn tó kù fà á títí tó fi borí Motorola, tó gbẹ̀yìn wọn, lọ́dún 1967. Ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún 13 nínú ibojì nígbà náà.

Bí òjò bá ń rọ̀ lónìí tí ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn wa ketekete, iṣẹ́ Armstrong ni.