Láti Inú Ẹgbẹ́ Olè dé Ilé Ọlọ́hun: Ìgbésí-Ayé Malcolm X

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí í fi ọ̀nà mọ ẹni tí ó ti ṣìnà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ọmọ ìta àti ìjà ìgboro kì í ṣe tuntun létí wa. Bí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kí ọlọ́pàá kó wọn, kí adájọ́ sọ wọ́n sẹ́wọ̀n, kí ìlú lè sinmi. Lóṣù yìí, a fẹ́ yẹ ìgbésí-ayé ọkùnrin kan wò tí ọlọ́pàá kó, tí adájọ́ sì sọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí adájọ́ ni ó tún ayé rẹ̀ ṣe. Malcolm X ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Al-Hájì Malik El-Shabazz ni orúkọ tí wọ́n fi sin ín. Ó sì ní orúkọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí ilẹ̀ wa fún un. A ó dé ibẹ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

IBI TÍ Ó TI ṢẸ̀ WÁ

Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Malcolm Little ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Earl, bàbá rẹ̀. Louise, ìyá rẹ̀, wá láti erékùṣù Grenada. Àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé Marcus Garvey, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n mọyì ara wọn, kí wọ́n sì dá dúró lẹ́sẹ̀ ara wọn. Nítorí èyí ni àwọn aláwọ̀ funfun kan ṣe ń fòòró wọn láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1929, ilé wọn jóná ní Lansing, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní 1931, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn nígboro tẹ bàbá pa. Àwọn ẹbí gbàgbọ́ pé ṣe ni wọ́n pa á. Malcolm ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìyá nìkan ni ó kù pẹ̀lú ọmọ rẹpẹtẹ, ní àsìkò tí owó wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ebi pa wọ́n, ìtìjú bá wọn. Nígbà tí ó di 1939, ẹrù náà wọ obìnrin náà lọ́rùn, ọpọlọ rẹ̀ dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Kalamazoo. Ó lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ilé onílé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. A máa ń rò pé ọmọ tí kò lórí pípé ni ìgboro máa ń gbà. Malcolm mọ̀wé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé funfun ni gbogbo wọn, fi í ṣe olórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kan pé agbẹjọ́rò ni òun fẹ́ dà, olùkọ́ náà sọ fún un pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí fún aláwọ̀ dúdú, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ káfíńtà. Ohun tí ó burú ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà lójú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ìwé.

ÌGBORO GBÀ Á TỌWỌ́TẸSẸ̀

Ní ọdún 1941, Malcolm lọ bá Ella, ọmọ bàbá rẹ̀, ní Boston. Ó ń dán bàtà ní ilé ijó. Ó ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni ó gbé e dé Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń ta igbó, àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́, àwọn tí ń bá aṣẹ́wó wá oníbàárà, àti àwọn tí ń fi ìbọn jalè. Wọ́n fún un ní orúkọ tuntun nítorí irun orí rẹ̀ tó pupa, wọ́n ń pè é ní Detroit Red.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún un. Wọ́n fún un ní orúkọ, aṣọ, owó, àti àwọn tí yóò pè ní ọ̀rẹ́. Ohun tí ilé kò fún un, tí ilé ẹ̀kọ́ kò fún un, ni ìgboro fún un. Ṣùgbọ́n ìgboro kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ní òpin ọdún 1945, ó kó ẹgbẹ́ kékeré kan jọ ní Boston, wọ́n ń fọ́ ilé àwọn olówó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1946, ó gbé aago kan tí wọ́n jí lọ fún alátùn-únṣe, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọlọ́pàá ti bà á. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

ÀWỌN TÍ WỌ́N WÁ A DÉ Ẹ̀WỌ̀N

Ìnira ẹ̀wọ̀n kò tún un ṣe. Oògùn olóró ń wọlé bá wọn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, Malcolm sì ń lò ó. Ó kórìíra ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn débi pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ṣàìtánì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un nígbà náà, Harlem ni ì bá padà sí.

Ohun tí ó yí i padà ni pé àwọn ènìyàn kan kò fi í sílẹ̀. Ẹnìkíní ni John Bembry, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó dàgbà jù ú lọ, tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún nítorí ìmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbà á níyànjú pé kí ó lo ọpọlọ tí Ọlọ́hun fún un, kí ó máa kàwé. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí i láìsinmi. Wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Nation of Islam. Reginald, àbúrò rẹ̀, ní kí ó má jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, kí ó má sì mu sìgá mọ́. Malcolm gbà. Ní tirẹ̀, Ella sáré sókè sódò títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk ní 1948, níbi tí ilé ìkàwé ńlá wà, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lẹ́kọ̀ọ́.

Níbẹ̀ ni Malcolm ti mú ìwé atúmọ̀ èdè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ láti ojú ìwé kìn-ín-ní. Bí wọ́n bá paná lálẹ́, ó máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń yọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kópa nínú àríyànjiyàn láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1952, ẹni tí ó jáde kì í ṣe ẹni tí ó wọlé mọ́.

IṢẸ́ RẸ̀ NÍ HARLEM

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa Nation of Islam. Wọ́n ń pe Elijah Muhammad ní òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí òjíṣẹ́ kankan lẹ́yìn Ànábì wa. Wọ́n ń kọ́ni pé èṣù ni gbogbo aláwọ̀ funfun. Èyí kì í ṣe Ìsìláàmù. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ìta yẹ kí a gbé yẹ̀wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí àdìsọ́kàn wa dára kò tíì ṣe ìdajì rẹ̀.

Ní 1954, wọ́n fi Malcolm ṣe olórí ilé ìjọsìn wọn ní Harlem. Kò jókòó de ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí àti ojú títì tí ó ti jalè rí. Àwọn tí oògùn olóró ti dì mú, àwọn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń rán sí wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú kí ẹni náà gbà pé ó ti di ẹrú oògùn. Wọ́n á jẹ́ kí ó mọ ìdí tí ó fi ń lò ó. Wọ́n á fi hàn án pé ọ̀nà àbáyọ wà. Wọ́n á jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni òun. Ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá wá pinnu láti jáwọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń ké, àwọn arákùnrin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ara rẹ̀ bá ti yá tán, òun náà á jáde lọ wá ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá wọlé kò gbọdọ̀ mutí, kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ ṣe àgbèrè. Ó ní láti ṣiṣẹ́, kí ó sì tọ́jú ìdílé rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ wà fún ọkùnrin, ó wà fún obìnrin.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1957, àwọn ọlọ́pàá lu arákùnrin kan tí ń jẹ́ Johnson Hinton ní Harlem, wọ́n fọ́ ọ lórí, wọ́n sì tì í mọ́lé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò sí iwájú àgọ́ ọlọ́pàá láìsọ̀rọ̀, láìsọ òkò. Èrò pé jọ lẹ́yìn wọn, inú ń bí wọn, díẹ̀ ló kù kí Harlem gbiná. Malcolm wọlé, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi gbé Hinton lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jáde, ó ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì túká wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ rò ó wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí ìlú ti kà sí jàǹdùkú tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìlú san owó gbà-má-bínú fún Hinton lẹ́yìn náà.

MẸ́KÀ, ÌBÀDÀN, ÀTI ÈTÒ TUNTUN

Nígbà tí Malcolm rí i pé ìwà Elijah Muhammad kò bá ohun tí ó ń kọ́ni mu, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ó lọ sí Hájì. Ní Mẹ́kà, ó bá aláwọ̀ funfun jẹun nínú àwo kan, ó kírun pẹ̀lú wọn ní sáfù kan náà, ó sì kọ̀wé sílé pé ohun tí òun rí ti mú òun tún èrò òun pa. Ó jáwọ́ nínú pípe gbogbo ìran kan ní èṣù. Kò sí ohun tí ó le tó kí ọkùnrin tí ayé mọ̀ jáde sọ pé òun ti yí padà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, gbà á lálejò, wọ́n sì fún un ní orúkọ Yorùbá, Ọmọ́wálé. Ọmọ tí wọ́n pín káàkiri ilé onílé ní kékeré, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ni wọ́n sọ fún un pé ó ti délé. Orúkọ náà wú u lórí gidigidi.

Nígbà tí ó padà dé Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ó gbé ẹgbẹ́ kan kalẹ̀ fún ìṣọ̀kan àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà níbẹ̀. Nínú ètò ẹgbẹ́ náà, ó fi lélẹ̀ pé àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni yóò gbógun ti oògùn olóró àti ìwàkiwà. Ó ní kí wọ́n ṣètò ìwòsàn fún àwọn tí oògùn ti dì mú, kí wọ́n wá iṣẹ́ tó nítumọ̀ fún àwọn tí ó ti ṣìnà, kí wọ́n sì yan alágbàtọ́ fún ọ̀dọ́ tí ó bá kó sí wàhálà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí nígbà tí ó nílò rẹ̀ jù. Kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n ń lù má gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò rán ẹnikẹ́ni lọ kọlu ẹni tí kò kọlù ú.

IKÚ RẸ̀

Ọjọ́ kò jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1965, wọ́n sọ bọ́ǹbù iná sí ilé rẹ̀ lóru, níbi tí Betty, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ ń sùn. Ọlọ́hun yọ wọ́n. Ní ọjọ́ 21, ó dìde láti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn Audubon ní New York, wọ́n sì yìnbọn pa á níwájú ìyàwó àti ọmọ. Ọmọ ọdún 39 ni. Oyún ìbejì wà nínú Betty. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ bí a ti ń wẹ òkú mùsùlùmí, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì sin ín ní Hartsdale.

Wọ́n sọ ènìyàn mẹ́ta sẹ́wọ̀n lórí ikú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́wọ́, ọmọ ẹgbẹ́ Nation of Islam sì ni. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ dá àwọn méjì yòókù láre pé wọn kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kú nígbà náà. Lẹ́yìn ikú Elijah Muhammad ní 1975, Warith Deen, ọmọ rẹ̀, kó ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà bọ́ sínú Ìsìláàmù tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

1. Ibi tí ilé bá ti fọ́ ni ẹgbẹ́ burúkú ń gbà wọlé. Ọmọ òrukàn àti ọmọ tí ebi ń pa ládùúgbò wa, ẹ mọ orúkọ wọn kí jàǹdùkú tó fún wọn ní orúkọ.

2. Ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí ẹ máa retí wọn. Lẹ́tà ni wọ́n fi mú Malcolm. Àwa náà lè kọ lẹ́tà sí ẹlẹ́wọ̀n, kí a bẹ̀ wọ́n wò, kí a mú ìwé lọ.

3. Wàásù nìkan kò tó. Ẹni tí a bá gbà lọ́wọ́ ìgboro gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ kọ́, kí ó rí ìwé kà, kí ó sì rí ẹni bá jókòó.

4. Ẹni tí ó ti rìn ní ọ̀nà náà rí ni ó mọ bí a ti ń pe ará ibẹ̀. Ẹ má fi ìgbà àtijọ́ bú ẹni tí ó ti tuubá.

5. Èyí ni ó wúwo jù. Ẹgbẹ́ tí ó kó Malcolm kúrò nínú olè, láàárín rẹ̀ náà ni ẹni tí ó yìnbọn pa á ti wá. Ìgbọràn àti ètò nìkan kì í sọ ẹgbẹ́ di rere. Bí a bá gbé olórí wa ga ju òdodo lọ, tí a sì sọ ẹni tí ó bá ṣe àtakò di ọ̀tá, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwa àti ẹgbẹ́ òkùnkùn ju fìlà orí wa lọ.

Kí Ọlọ́hun forí jin Malik El-Shabazz Ọmọ́wálé, kí Ó ṣe ibùgbé rẹ̀ ní Àlùjáńnà. Kí Ó lò wá láti fa àwọn ọmọ wa jáde kúrò lójú ìgboro, kí Ó má sì jẹ́ kí àwa fúnra wa di ohun tí à ń sá fún. Àmín.