Adelaide Casely Hayford: Ìyá tí ó Fi Ilé Ọkọ Sílẹ̀, tí ó sì Dá Ilé Ẹ̀kọ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí obìnrin bá di ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, adálémosú ni a ń pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í bèèrè ohun tí ó mú un jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó kúrò ní ilé ọkọ, tí ó jẹ́ orúkọ ọkọ náà títí di ọjọ́ ikú, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1868 ni a bí Adelaide Smith sí Freetown, olú-ìlú Sàró, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò-ẹrú ti sọ̀ kalẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹ̀jẹ̀ Fante àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó pàdé lára William Smith, baba rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni Adelaide nígbà tí baba kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Erékùṣù Jersey ni ó gbé dàgbà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lọ sí Stuttgart ní Jámánì láti kọ́ orin. Ní 1897, òun àti arábìnrin rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Freetown, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi tú ká, wọ́n sì padà sókè òkun.

Ní 1903, ó fẹ́ Joseph Ephraim Casely Hayford ní London. Gbajúgbajà lọ́yà ni ọkùnrin yìí, ọmọ Cape Coast ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, ó sì ti bí ọmọkùnrin kan fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1904, Adelaide bí Gladys sí Axim. Àìlera ìgbaròkó ni ọmọ náà bá wáyé.

Ohun tí ó dára lójú aráyé lè má dùn nínú ilé. Ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìlú ń gbé ọkọ kiri láti ìlú dé ìlú. Ìtọ́jú ọmọ gbé aya padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni àárín wọn ń jìn síra. Ní 1914, Adelaide mú Gladys dání, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Freetown tí a bí i sí. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò tún gbé abẹ́ òrùlé kan mọ́. Ẹni tí kò bá tọkọtaya gbélé kò lè dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí olúkúlùkù fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà nìkan ni a lè wò.

Ìyá yìí kò fi ojú pamọ́. Ní 1915, ó dìde níwájú àwọn ará Freetown, ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ìgbéyàwó onígbàgbọ́. Ó di olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ Marcus Garvey ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ní 1920 ó fi ipò náà sílẹ̀, nítorí pé àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni yóò ni owó tí wọ́n ń kó jọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbèrò. Ní ọdún náà ni òun àti Kathleen Easmon, ọmọ arábìnrin rẹ̀, lọ sí Amẹ́ríkà. Títí di 1922, wọ́n ń wá owó kiri, wọ́n sì ń kọ́ bí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ṣe ń darí ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ọkọ náà kò sùn. Ní 1920 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àpérò àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia sí Accra, láti bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1923, Freetown ni àpérò kejì jókòó. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, aya ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ilé àwọn òbí rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń já fún òmìnira ní ìgbìmọ̀, èkejì ń gbìn ín sínú ọkàn ọmọdé.

Ìwé, aṣọ rírán, aṣọ rírẹ, oúnjẹ sísè àti agbọ̀n híhun ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kí ọmọbìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kí ó má sì tijú ohun ìní baba rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ Freetown wò ní 1925, aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Adelaide wọ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ìlú.

Ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1930. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò tóbi rí, owó kò sì tó o rí. Síbẹ̀ ìyá náà fi ẹ̀yìn tì í títí di 1940, nígbà tí àgbà dé. Gladys, tí òun pẹ̀lú ti kọ́ni níbẹ̀, di akéwì, ó sì kọ ewì ní èdè Krio. Ó kú ṣáájú ìyá rẹ̀, ní 1950, òfò tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè M.B.E. dá ìyá lọ́lá ní 1949. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960 ni òun náà sùn ní Freetown, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Sàró gba òmìnira.

A kò sọ èyí láti gba obìnrin níyànjú kí ó kọ ọkọ; Gladys mọ ohun tí ó jẹ́ láti dàgbà láìsí baba nítòsí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́, kí a má gbàgbé pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Freetown tí ẹni tí à bá pè ní adálémosú kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.