CLAPPERTON: IKỌ̀ ỌBA TÓ KAN ILẸ̀KÙN SÓKÓTÓ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, a sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé nígbà kan rí, ilẹ̀ wa kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ní ọdún 1891, Captain Denton, tó jẹ́ adelé gómìnà Èkó, kó ẹ̀bùn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà. Awùjalẹ̀ àti àwọn olóyè kò gba ẹ̀bùn náà. Ọdún kejì rẹ̀ ni ogun Ìmágbọ̀n dé. Ṣùgbọ́n kí irú ọ̀rọ̀ yìí tó kan Ìjẹ̀bú, ó ti kan Sókótó. Ìtàn ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán lọ síbẹ̀ ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Hugh Clapperton ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Annan ní Skọ́tílándì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1788. Oníṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni ọmọ gbà lọ. Kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó yá, ó di ọmọ ogun ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó jagun títí dé àwọn adágún ńlá Kánádà, ó sì di ọ̀gá. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kó máa lọ sílé kó máa gba ààbọ̀ owó oṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dókítà Walter Oudney, ló mú un mọ́ra fún ìrìn àjò sí ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú.

Ní ọdún 1822, Clapperton, Oudney àti Major Denham gbéra láti Tripoli, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n sì dé Bọ̀rnú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1823. Clapperton àti Oudney wá kọrí sí ilẹ̀ Haúsá. Oudney kú lójú ọ̀nà ní oṣù kìíní ọdún 1824. Clapperton nìkan ló dé Kánò. Ó wọ aṣọ oyè ogun rẹ̀ wọ̀lú, ó rò pé gbogbo èèyàn ni yóò máa wo òun, ṣùgbọ́n kálukú ń bá ọjà rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò ó.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1824 ló wọ Sókótó. Sultan Muhammad Bello, ọmọ Ṣéhù Uthman Dan Fodio, ló wà lórí oyè láti ọdún 1817. Onímọ̀ ńlá ni, ó sì kọ ìwé púpọ̀. Ó béèrè nípa oòrùn àti ìràwọ̀ lọ́wọ́ àlejò rẹ̀. Ó tún béèrè irú ẹ̀yà Kristẹni tó ń ṣe, ó dárúkọ Nestorian àti Socinian. Clapperton ní òun kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn òun.

Ìbéèrè kan wá le ju ìyẹn lọ. Sultan gbé àwọn ìwé Denham síwájú rẹ̀. Ibi tí àwọn ará Bọ̀rnú ti lọ gbógun ti àwọn Fúlàní, tí wọ́n sì ti fìdí rẹmi, ni wọ́n ti rí àwọn ìwé náà he. Denham wà láàárín wọn, díẹ̀ ló kù kó kú síbẹ̀. Sultan béèrè pé kí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá láàárín àwọn tó ń gbógun ti àwọn èèyàn òun. Clapperton ní ó kàn lọ wo ilẹ̀ ni. Sultan gbọ́, ó sì dá àwọn ìwé náà padà fún un.

Sultan kọ lẹ́tà sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹrin. Ó gbà láti bá wọn ṣòwò, ó gbà pé òun yóò ká àwọn tó ń ta ẹrú sí òkèèrè lọ́wọ́ kò, ó sì ní kí wọ́n fi aṣojú àti dókítà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Clapperton gba ọ̀nà Odò Ọya lọ sí òkun. Clapperton gbà pé àwọn oníṣòwò Lárúbáwá tó ń gba aṣálẹ̀ ni kò fẹ́ kí ọ̀nà mìíràn ṣí.

Ó padà dé Ìlú Ọba ní ọdún 1825, wọ́n gbé oyè rẹ̀ ga, wọ́n sì tún rán an padà kíákíá. Lọ́tẹ̀ yìí ilẹ̀ Yorùbá ló gbà. Àwọn ìránṣẹ́ Sultan tó ń retí létí òkun, kò rí ẹnì kankan. Ó kúrò ní Àgbádárìgì ní oṣù kejìlá ọdún 1825. Ibà kọ lù wọ́n: kò pé oṣù kan tí àwọn ọ̀gá méjì tó bá a rìn, Pearce àti Morrison, fi kú. Àrùn ń ṣe òun náà, ṣùgbọ́n kò yíjú padà. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó dé Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aláàfin ṣe é lálejò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti ibẹ̀ ó gba Bùsà, níbi tí Mungo Park kú sí, ó sì dé Kánò ní oṣù keje.

Nígbà tó tún rí Sultan Bello ní oṣù kẹwàá, ó fún un ní ìwé ìṣirò Euclid ní èdè Lárúbáwá. Inú Sultan dùn, nítorí èyí tí ìdílé rẹ̀ rí rà láti Mẹ́kà ti jóná mọ́lé. Àṣé ìdùnnú náà kò ní pẹ́. Ogun ti gbóná láàárín Sókótó àti Ṣéhù El-Kanemi ti Bọ̀rnú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọba Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà àti ẹ̀bùn rán ikọ̀ kan náà sí àwọn méjèèjì! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Sultan pé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ Íńdíà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi gbà á náà ni wọn yóò ṣe. Wọ́n gba ẹrù Bọ̀rnú àti lẹ́tà náà lọ́wọ́ Clapperton, wọn kò sì jẹ́ kó kọjá. Ìbànújẹ́ bá a, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì dá a dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1827, ó kú ní ẹni ọdún 38. Sultan yọ̀ǹda ràkúnmí tó gbé òkú rẹ̀, Lander sì sin ín sí abúlé kan nítòsí Sókótó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí àwọn méjèèjì. Clapperton jẹ́ akíkanjú, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ohun tó bà á jẹ́ kì í ṣe àìgbóyà, bí kò ṣe pé àwọn tó rán an fẹ́ jẹ níhà ọ̀tún, kí wọ́n jẹ níhà òsì. Bẹ́ẹ̀ ni Sultan kò kórìíra àlejò. Ó gba ìwé, ó gba òwò, ó sì bọ̀wọ̀ fún òkú. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tó wà níwájú. Ní ọdún 1903, lẹ́yìn ọdún 76, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Sókótó tìbọn-tìbọn, bí wọ́n ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1892.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó di aṣojú lọ́jọ́ kan, bóyá ti ilé yín, ti ẹgbẹ́ yín tàbí ti orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀bùn lè mú ni dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń mú ni wọlé. Ẹ wo ẹni tó rán yín dáadáa, kí ẹ mọ ohun tí ẹ gbé dání kí ẹ tó kanlẹ̀kùn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nínú ilé, ẹ ṣe àlejò dáadáa, kí ẹ sì ní ìmọ̀ tó lè bi í ní ìbéèrè. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye. Àmín.